Aṣọ Mẹ́fà fún Ara Tí A Kò Rí

Ọdún mọ́kàndínlógún ni èmi àti Sànúsí fi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wa ní Sawaba, àdúgbò kan ní Kumasi, ilẹ̀ Ghana, òun nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, èmi nídìí òòlù àti ìṣó bàtà. Pákó kan ṣoṣo ló là wá láàárín, pákó náà sì ti lu débi pé a lè máa jẹ ẹ̀pà inú bébà kan náà láì dìde. Mùsùlùmí ni Sànúsí, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni èmi Cornelius. Bó bá lọ kírun, mo máa ń bá a ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Bí mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà á bá mi ṣọ́ tèmi. Kumasi ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, Ẹ̀jìgbò ni àwọn bàbá wa ti wá, a sì máa ń fi Twi bú ara wa nígbà tí Yorùbá kò bá mú tó. Nítorí náà, bí ẹlòmíràn bá fẹ́ sọ ìtàn Sànúsí fún yín, ẹ kọ́kọ́ bi í pé níbo ló jókòó sí.

Agbádá ló ń rán, àti bùbú àwọn obìnrin, èyí tó máa ń mú èjìká dáadáa kó tó wá tú sílẹ̀ dé ilẹ̀. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó máa ń ṣe sí ọrùn aṣọ kò ní ẹlẹ́gbẹ́ ní gbogbo Kumasi. Ṣùgbọ́n ó ní òfin kan tó máa ń bí mi nínú. Kì í gé aṣọ fún ẹni tí kò bá rí. Bí èèyàn bá ti Tamale kọ lẹ́tà pé kí aṣọ òun gùn tó báyìí, kó fẹ̀ tó báyìí, Sànúsí á ká lẹ́tà náà, á ní, "Tò, ẹ ní kó wá." Ó ní aṣọ tí a gé láì rí ẹni tó máa wọ̀ ọ́, àpò ìrẹsì ni. Mo bá a jà títí lórí ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí oníbàárà tó bá ti lọ kì í sábà padà, ṣùgbọ́n agídí ọkùnrin náà ju ti ewúrẹ́ lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Kùdírátù lorúkọ rẹ̀, Ìyá Jímọ̀h ni a ń pè é. Ankara ló ń kiri ní ọjà Kejetia. Òdidì ìpele méjìlá ló máa ń tò lé èjìká òsì, á sì máa rìn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láàárín èrò àti tírótíró, àwọn bọ́ọ̀sì akérò ibẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀lé ọdún ìyàn, ó ra gínì aláwọ̀ sánmà kan, ó gbé e fún ọkọ rẹ̀ pé kó fi rán bùbú fún òun nítorí Iléyá. Iléyá yẹn kọjá. Òmíràn dé, ó kọjá. Iṣẹ́ oníṣẹ́ máa ń pọ̀, gínì náà sì ń sùn lábẹ́ aṣọ àwọn ẹlòmíràn. Ọdún mẹ́wàá ni mò ń sọ yìí. Ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ó máa ń béèrè. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́. Èmi kò dá Sànúsí lẹ́bi tán, nítorí bí ẹ bá rí bàtà tí èmi fúnra mi ń wọ̀, ẹ kò ní gbé tiyín wá sọ́dọ̀ mi. Àmọ́ mo sọ fún un pé obìnrin tó bá dákẹ́ ìbéèrè, kó máa bẹ̀rù rẹ̀. Ó fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọdún 1994 ni Georgina wọlé tọ̀ wá wá. Ọmọ díákónì ìjọ wa ni; èmi ni mo ń gán bàtà iléèwé rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Ó ti lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Accra, ó sì ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Adum, àárín ìlú Kumasi. Ó ní wọ́n fẹ́ ṣe Ọ̀sẹ̀ Fáṣọ̀n ní Kumasi, ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan ní Adum, àwọn aránṣọ máa wá láti Accra àti Lomé. Olúkúlùkù máa kó aṣọ tó bára mu jáde lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ọmọge gíga máa wọ̀ ọ́ rìn lórí pẹpẹ gígùn, àwọn èèyàn á máa wò. Òun fẹ́ bùbú mẹ́fà, láti orí àwọ̀ kòkó lọ dé orí àwọ̀ ọsàn, pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ Sànúsí ní ọrùn. Ó ní kí èmi ṣe sálúbàtà ahenema mẹ́fà sí i, irú èyí tí àwọn Asante ń wọ̀ lọ sí ààfin.

"Àwọn módẹ́lì ń bọ̀ láti Accra, Bàbá Jímọ̀h," ó ní. "Ìwọ̀n wọn ló wà nínú bébà yìí."

Sànúsí yí bébà náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Àwọn ta nìyí?"

"Módẹ́lì ni wọ́n."

"Mo gbọ́. Ọmọ ta ni wọ́n? Báwo ni wọ́n ṣe ń dúró?"

"Bàbá, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ẹ̀ wà nínú bébà."

"Kò sí nínú bébà. Nọ́ńbà ló wà nínú bébà. Ṣé nọ́ńbà ń wọ aṣọ ni?"

Mo rò pé ó máa ní kó lọ kó wọn wá bó ti máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n ó ká bébà náà, ó fi sápò. Nígbà tí Georgina lọ tán, ó ní, "Cornelius, iwájú mọ́ṣáláṣí nìkan ni wọ́n ti ń rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, jẹ́ kí Adum náà rí i." Inú mi dùn fún un, n kò purọ́.

Ọjọ́ méjì ló fi tẹ́ aṣọ àkọ́kọ́ sórí tábìlì tí kò lè fi síísọ̀ kàn án. Á wo bébà, á wo aṣọ, á tún lọ mu omi. Ní ọjọ́ kẹta, mo rí i tó di ojú, tó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló mú síísọ̀, ó sì gé e láì dá ọwọ́ dúró. Mo bi í pé ta ló rí. Ó ní òun kò rí ojú ẹnì kankan, obìnrin kan kàn dúró níbẹ̀ ni. Ọ̀nà yẹn ló gbà gé gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí a lọ sí Adum ni Kùdírátù yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó kọ́kọ́ fi orúkọ ọmọ mi kí mi. "Bàbá Dinah, ẹ kú iṣẹ́." Ó wọlé, ó rí bùbú mẹ́fà tó so rọ̀ lórí okùn, ó sì fi ìka kà wọ́n.

"Ta ló ni gbogbo eléyìí?"

"Àwọn ọmọge kan ní Accra," ni Sànúsí wí.

"Ẹ mọ̀ wọ́n?"

"N kò mọ̀ wọ́n."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ òkìtì aṣọ, ó fa gínì aláwọ̀ sánmà rẹ̀ jáde, ó gbọn eruku ọdún mẹ́wàá kúrò lára rẹ̀. Kò gbé ohùn sókè rárá. "Mo ti bá Yaw télọ̀ sọ̀rọ̀ ní Kejetia," ó ní. "Ọjọ́ Mọ́ńdè ló máa gé e. Mo sọ fún un pé àjèjì ni mí. Àwọn àjèjì ni télọ̀ máa ń tètè dá lóhùn." Ó kí mi pé ó dìgbà, ó sì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ Sawaba. Kí ìyàwó télọ̀ gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ mìíràn, ó burú ju kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé lọ. Bó bá kó ẹrù, àwọn ẹbí á bá wọn dá sí i. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá wọ bùbú tí Yaw rán, gbogbo àdúgbò ni yóò mọ̀ pé obìnrin náà ti sọ ìrètí nù lórí ọkọ rẹ̀. Bí Yaw bá ti fi síísọ̀ kan gínì yẹn, ọ̀rọ̀ ti bọ́ nìyẹn, kò sí bí a ṣe lè rán an padà. Mo ní kí Sànúsí lọ bẹ̀ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

"Kí ni n óò sọ?"

"Sọ pé o ṣẹ̀."

"Ó mọ̀ pé mo ṣẹ̀," ó ní, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ. Ojú ń tì í, èmi sì ń bínú, a kò jẹ ẹ̀pà lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ Sátidé, a wọ tírótíró lọ sí Adum pẹ̀lú bùbú mẹ́fà nínú aṣọ funfun àti sálúbàtà mẹ́fà nínú páálí. Wọ́n ti kan pẹpẹ gígùn sáàárín gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì náà. Àwọn aránṣọ ń sáré kiri pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Aago mẹ́wàá ni àwọn ọmọge náà dé láti Accra, àwọn ọmọ tó ga tí ọrùn wọn gùn. Akua ló kọ́kọ́ wọ bùbú tirẹ̀.

Gígùn rẹ̀ pé. Àyà rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ní apá òsì, aṣọ náà yọ̀ kúrò ní èjìká, ó ń ṣubú lọ; ní apá ọ̀tún, ó gun ọrùn ọmọ náà. Georgina fà á sókè, ó tún ṣubú. Ó pe èkejì, bákan náà. Ó pe ẹ̀kẹta. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ṣubú ní èjìká òsì.

"Awurade! Olúwa o! Bàbá Jímọ̀h, kí lẹ fi mí ṣe? Ẹ ò tẹ̀lé bébà ni?"

"Mo tẹ̀ lé e délẹ̀."

"Ṣé bébà ló ní kí èjìká kan rẹlẹ̀ ju ìkejì lọ?"

"Bébà sọ bó ṣe fẹ̀ tó," ni Sànúsí wí. "Kò sọ bó ṣe rí."

Òótọ́ ni. Ìwọ̀n wà fún gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n bí èjìká ṣe dà sísàlẹ̀, ojú télọ̀ ló ń wò ó, kì í kọ ọ́. Títú rẹ̀ kò sì ṣeé ṣe. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, ó gba orí èjìká méjèèjì kọjá sí ẹ̀yìn. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni Georgina máa jáde. Ó jókòó sórí páálí mi, ó ń sunkún. Sànúsí dúró sí ògiri bí ẹni tí wọ́n ń bá wí ní iléèwé.

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Wọ́n ti fi bùbú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọ́ sórí okùn padà, mo sì jókòó tí mò ń wò wọ́n. Ìsàlẹ̀ ni èmi ti ń mọ èèyàn, nídìí iṣẹ́ mi. Obìnrin kan wà tó jẹ́ pé gìgísẹ̀ bàtà òsì rẹ̀ ló máa ń jẹ tán nígbà gbogbo, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni mo ń lẹ awọ mọ́ ọn, nítorí apá òsì ni gbogbo ẹrù rẹ̀ ń tẹ̀ sí. Mo gbé ojú láti ìsàlẹ̀ àwọn aṣọ yẹn lọ sókè, mo rí i. Ìgbà mẹ́fà ló dúró síbẹ̀.

"Sànúsí," mo ní, "wo aṣọ yìí. Ta nìyẹn?"

Ó wò ó. Ó sún mọ́ ọn. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká òsì bùbú aláwọ̀ kòkó náà, kò sì gbé e kúrò. Ojú rẹ̀ kún fún omi, ọkùnrin tí mi ò rí kó sunkún nígbà tí bàbá rẹ̀ kú.

"Cornelius, ọdún mẹ́wàá ni n kò fi rán ẹyọ kan fún un."

"O ti rán mẹ́fà," mo ní. "Dúró síbẹ̀."

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Kejetia. Mo bá Kùdírátù níbi tó ti ń ná ọjà pẹ̀lú obìnrin kan, ankara méjìlá lé e léjìká. N kò parọ́ fún un. Mo ní, "Ìyá Jímọ̀h, ẹ wá wo nǹkan tí ọkọ yín fi ojú dídì rán." Ó kọ́kọ́ kọ̀. Mo ní mo máa jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ láàárín ọjà, àgbàlagbà bí èmi. Ojú tì í nítorí mi, ó tẹ̀ lé mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta náà tẹ̀ lé wa, wọ́n fẹ́ rí ìjà.

Georgina gbé bùbú náà wọ̀ ọ́. Ó gùn jù fún un, ó ń wọ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní èjìká, ó jókòó pẹ̀sẹ̀. Kò ṣubú, kò gun ọrùn. Kùdírátù wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó wo okùn tí márùn-ún yòókù wà, ó wá wo ọkọ rẹ̀. Sànúsí ń wo ilẹ̀.

"Mama, ẹ bá wa wọ̀ ọ́ jáde," ni Georgina bẹ̀ ẹ́.

"Èmi? Kí n máa rìn lọ, kí n máa rìn bọ̀ níwájú èèyàn tí n kò ní ọjà tà fún? Rárá o." Ó bọ́ bùbú náà, ó sì nà án sí Akua. "Àwọn ọmọ yìí ló máa wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dúró."

Ó kó wọn lọ sí ẹ̀yìn òtẹ́ẹ̀lì. Ó gbé ankara méjèèjìlá lé Akua ní èjìká òsì.

"Mama, e be heavy oo!"

"Ó wúwo, àbí? Má jà á. Jẹ́ kí èjìká lọ síbi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n má gbé orí sílẹ̀ o! Ẹni tó bá gbé orí sílẹ̀, oníbàárà ò ní rí ojú ẹ̀. Hwɛ, wo ọ̀tún, wo òsì, ẹnì kan lè máa pè ọ́. Má sáré. Kejetia kì í jẹ́ kéèyàn sáré."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí oòrùn fi yẹ̀. Nígbà tó bá gbé ẹrù náà kúrò, èjìká ọmọ náà á ṣì wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá wá wọ bùbú náà, ó jókòó.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni wọ́n pe orúkọ Georgina. Ṣáájú rẹ̀, àwọn ọmọge yòókù ti ń já lu pẹpẹ náà bí ẹni tí ajá ń lé. Àwọn tiwa jáde, wọn kò sáré. Èjìká òsì wà nísàlẹ̀, orí wà lókè, wọ́n ń wo ọ̀tún, wọ́n ń wo òsì. Àwọn èèyàn na ọrùn wò wọ́n. Láàárín àwọn Asante, ẹni tó bá wá síwájú àgbà máa ń sọ aṣọ kalẹ̀ díẹ̀ ní èjìká láti fi ọ̀wọ̀ hàn. Bàbá àgbàlagbà kan ní ìlà iwájú mi orí, ó ní àwọn ọmọ yìí ní ẹ̀kọ́ ilé. Èmi kò já a nírọ́. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àfi ìgbà tí àwọn mẹ́ta láti Kejetia pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Kùdírátù! Kùdírátù rèé o!" ni gbogbo èrò bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́ láì mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ mi ló dúró sí lẹ́yìn aṣọ ìkélé. "Bàbá Dinah," ó ní, "ṣé bí mo ṣe ń rìn nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni."

"Mo rò pé mo ti wọ́ ni," ó ní. Ó nu ojú rẹ̀, ó kó ankara rẹ̀ jọ, ó sì lọ síbi ọjà rẹ̀. Kò bá Sànúsí sọ̀rọ̀. Wọ́n ra bùbú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí ilẹ̀ tó ṣú, kò ku ẹyọ kan tí ó lè mú lọ fún un.

Ọjọ́ Mọ́ńdè dé. N kò bá Sànúsí ní ṣọ́ọ̀bù ní àárọ̀, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó ti lọ bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó padà dé, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ó ní òun lọ bá Yaw, òun lóṣòó níwájú rẹ̀ ní ojú gbogbo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, òun bẹ̀ ẹ́ pé kó dá gínì náà padà. Yaw ní, "Maame no na ɔde brɛɛ me." Obìnrin náà ló gbé e wá, obìnrin náà nìkan ni òun lè dá a padà fún. Télọ̀ gidi ni Yaw, ohun tó yẹ ló sọ. Sànúsí jókòó, kò fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ. Oníbàárà méjì wá, ó ń dá wọn lóhùn gátagàta. Mo fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kí ara lè tù ú, ṣùgbọ́n mo padà sídìí òòlù mi.

Ó tó ìrun ọ̀sán kí Kùdírátù tó wọlé. Gínì aláwọ̀ sánmà náà wà lórí àwọn ankara ní èjìká rẹ̀, ó wà ní òdidì. Ó gbé e lé orí tábìlì.

"Yaw ní ẹ wá lóṣòó."

"Mo wá."

"Níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́?"

"Níwájú wọn."

Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fà sẹ́yìn díẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Sànúsí ò dúró rárá, ó tẹ́ gínì náà, ó mú síísọ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi síísọ̀ ṣe? Ẹ ò tíì wọ̀n mí."

"Kùdírátù, mo mọ ìwọ̀n rẹ. Ìwọ náà rí i."

"Mo rí i. Gbogbo Adum rí i. Ẹ wọ̀n mí bí ẹ ṣe ń wọn èèyàn."

Sànúsí gbé síísọ̀ kalẹ̀. Ó mú téèpù, ó ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé tuntun, ó sì béèrè ohun tó máa ń bi gbogbo oníbàárà pé kí lorúkọ. Obìnrin náà ní, "Kùdírátù, ọmọ Jùnáídù." Sànúsí kọ ọ́. Ó wọn ọrùn, ó wọn àyà, ó wọn apá dé ọrùn ọwọ́, obìnrin náà sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dúró ṣinṣin, kò yára. Ó wọn èjìká ọ̀tún, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wọn èjìká òsì, ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀ lọ́tọ̀.